Oòrùn Ìbàdàn Kọ́ ni Oòrùn Aviemore

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ní ọjọ́ kejì tí a dé Aviemore lágbègbè àwọn òkè Cairngorms ní Scotland, ẹ̀rọ tó ń fi dísẹ́ẹ̀lì mú inú ọkọ̀ wa gbóná mí kanlẹ̀ bí arúgbó tó fẹ́ jókòó, ó sì kú. Oṣù Kejìlá ni. Yìnyín ti bo orí ọkọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, omi ti dì mọ́ gíláàsì fèrèsé láti inú, mo sì ń fi iná fóònù wo ojú ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ bí iná ṣe kù sínú bátìrì, àfi bí ẹni pé bí mo bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, nọ́ńbà náà yóò yí padà. Ìyàwó mi kò bínú. Láti abẹ́ kúbùsù mẹ́ta ló ti bi mí pé, “Bàbá Ìbejì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní níwọ̀n ìgbà tí a ti ní sólà, a ò tún ní wá iná tì mọ́?”

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí ni irú èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní campervan: bọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí, tí ó ní ààrò gáàsì, fìríìjì àti àga nínú, tí ènìyàn lè wà lọ síbi tó bá wù ú kí ó sì sùn síbẹ̀. Tiwa jẹ́ Ford Transit ọdún 2017 tí àwọn kan ti fi gbé ẹrù kiri kí ó tó kàn wá. Nígbà tí àwọn ìbejì wọ yunifásítì, tí ilé wa ní Leeds sì dákẹ́ rọ́rọ́, a pinnu pé a óò máa rìn kiri. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kan pákó inú rẹ̀, mo fi irun àgùntàn dí gbogbo àlàfo ara irin rẹ̀ kí òtútù má bàa ráyè wọlé, mo sì ń yangàn pé nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ iná ni yóò rọrùn fún mi jù. Ta ni yóò kọ́ ọmọ Ìbàdàn bí a ṣe ń gbé láìsí NEPA? Kí n tó kúrò nílé, mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní “I better pass my neighbour” wọlé-jáde títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, mo sì ti bá ẹ̀gbọ́n mi gbé pánẹ́ẹ̀lì gun òrùlé rí. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Pánẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́kọ́ rà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Mo rí àdìpọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ mọ́ níwọ̀n: pánẹ́ẹ̀lì méjì tó rọ̀ bíi bébà, oníwáàtì 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kọ̀ntírólà olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì, àti wáyà rẹ̀. Mo ra bátìrì oníásíìdì kan tó jẹ́ áńpù-wákàtí 110 mọ́ ọn, mo tún ra ínfátà kan tí wọ́n kọ “2000” gàgàrà sí lára páálí rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, a gbé ọkọ̀ lọ sí Cornwall fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sì sí ọjọ́ kan tí bátìrì kò kún kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sílé. Oṣù Kẹjọ yẹn gan-an ló tàn mí jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ń bá àwọn ènìyàn so sólà mọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn, iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ó sinmi mọ́ láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Nígbà tí mo ròyìn Aviemore fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wá ní, “Àbúrò, ṣé o wọn orí kí o tó lọ ra fìlà?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò wọ̀n ọ́n.” Ó ní kí n mú bébà àti bírò, kí n kọ gbogbo ohun tó ń fa iná nínú ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí n kọ iye wáàtì rẹ̀ àti iye wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́, kí n má sì parọ́ fún bébà. Ó ní àwọn oníbàárà òun máa ń gbàgbé fìríìjì ìyá wọn tó wà nílé ẹ̀yìn.

Wáàtì ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń fa iná lójú ẹsẹ̀. Bí a bá fi wákàtí tó ń lò sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì-wákàtí ni a óò rí, èyí tí í ṣe ohun tí bátìrì ń kó pamọ́ gan-an. Mo jókòó sínú ọkọ̀ ní iwájú ilé wa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Fìríìjì wa, tó ń lo fóólìtì 12 tààrà, ń fa wáàtì 45 nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Nígbà ooru, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ nínú mẹ́rìnlélógún, ìyẹn 360, ṣùgbọ́n nígbà òtútù ó lè má ju 200 lọ. Gílóòbù mẹ́rin, wáàtì mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí mẹ́fà: 72. Fóònù méjì, 30. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ìyàwó mi, 60. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sí ibi ìfọwọ́ kò tó nǹkan, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Ẹ̀rọ amúgbóná ni mo fojú tẹ́ńbẹ́lú tẹ́lẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń sun, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé iná kò kàn án, àmọ́ ó ń fa tó wáàtì 100 fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó tan, lẹ́yìn náà ni fáànù rẹ̀ á máa fa nǹkan bíi 20 títí di òwúrọ̀; ká ní wákàtí mẹ́wàá, 210 nìyẹn. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò jìnnà sí 600 lóòjọ́ nígbà òtútù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín nígbà ooru.

Mo wá yí ojú sí bátìrì tí mo rà. Áńpù-wákàtí 110 lọ́nà fóólìtì 12 jẹ́ 1,320 lórí páálí, ṣùgbọ́n bátìrì oníásíìdì kò fẹ́ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí a tó tún un kún, bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́ láyé. 660 ló kù. Òtútù tún ń jẹ nínú rẹ̀: bí ojú ọjọ́ bá ti sún mọ́ ibi tí omi ti ń dì, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ohun tí mo rò pé yóò gbé wa fún ọjọ́ méjì kò tó ti ọjọ́ kan. Ìyókù tí mo fà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀mí bátìrì náà ni mo ń fà, òru ọ̀hún sì lòpin ayé rẹ̀, nítorí kò gba iná dáadáa mọ́ láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ló wá dójú tì mí jù. Lọ́kàn mi, oòrùn ni oòrùn ń jẹ́. Bí ó bá yọ, pánẹ́ẹ̀lì á ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n lọ wo PVGIS, ibi ìṣirò ọ̀fẹ́ kan tí àjọ ìwádìí Joint Research Centre ti Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ènìyàn lè tọ́ka sí ibikíbi lórí àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù tàbí Áfíríkà kí ó sì sọ iye iná tí pánẹ́ẹ̀lì yóò mú wá níbẹ̀ ní oṣooṣù. Mo fi Ìbàdàn wò, mo fi Leeds wò, mo wá fi Aviemore wò. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ tí oòrùn ọ̀sán rẹlẹ̀ jù láàárín ọdún, ó ṣì ga tó ìwọ̀n dígírí 59 sí ilẹ̀. Dígírí 90 ni òkè orí gan-an. Ní Aviemore lọ́jọ́ kan náà, ìwọ̀n 9 péré ni. Ọjọ́ ibẹ̀ kò sì pé wákàtí méje láti ìgbà tí oòrùn yọ títí di ìgbà tó wọ̀, bí àwọn òkè bá tiẹ̀ jẹ́ kí a rí i. Pánẹ́ẹ̀lì tó sùn gbalaja lórí ọkọ̀, tí oòrùn wá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kàn ń fò kọjá lórí rẹ̀ ni. Ìdá kan péré nínú mẹ́fà agbára ìtànṣán ọ̀hún ni ì bá dé ara rẹ̀, kí a tó wá sọ ti ìkùukùu.

Ohun kan tún yà mí lẹ́nu lórí àwòrán yẹn. Ní oṣù Kẹfà, nígbà tí ọjọ́ ń gùn tó nǹkan bí wákàtí 17 ní Leeds, iná tí pánẹ́ẹ̀lì kan yóò mú wá níbẹ̀ kò kéré sí èyí tí irú rẹ̀ yóò mú wá ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu òjò bá bo ojú ọ̀run. Ǹ bá má gbà á bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi. Ó wá yé mi pé kì í ṣe pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní oòrùn. Ó kàn ń ná gbogbo rẹ̀ tán lápá kan ọdún ni, ó sì ń jẹ gbèsè lápá kejì.

Mo ṣírò rẹ̀ fún pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 350, èyí tí mo wá rà nígbẹ̀yìn. Ní oṣù Kẹfà, ó lè fún wa ní ju 1,000 lọ lóòjọ́, ìyẹn ju ohun tí a nílò lọ dáadáa. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di nǹkan bí àárín oṣù Kẹsàn-án, ó ń tó wa láìsí wàhálà. Ní oṣù Kejìlá, níhà àríwá, kò ju nǹkan bíi 100 lọ lóòjọ́, bí yìnyín kò bá bò ó. Kí ẹ lè mọ bí 100 ṣe kéré tó: láti se lítà omi kan ṣoṣo kí ó hó, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti omi tútù, gba nǹkan bíi 105. Gbogbo oòrùn tó ran ọkọ̀ wa láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè se omi ẹ̀bà ènìyàn méjì. Bí mo bá sì sọ pánẹ́ẹ̀lì náà di ìlọ́po méjì, tí kò tún sí àyè fún àtẹ́gùn láti wọlé látòkè mọ́, 200 náà ni n óò rí, nígbà tí a nílò 600.

Oòrùn ìgbà òtútù wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní alternator tó ń fún bátìrì iwájú lóúnjẹ, láyé àtijọ́ sì ni àwọn ènìyàn máa ń fi rílée, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń tan ara rẹ̀, so bátìrì ẹ̀yìn, èyí tó ń gbé fìríìjì àti iná inú ọkọ̀, mọ́ ọn, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa kún bí ọkọ̀ bá ti ń lọ. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, tí mo sì ń ṣe kàyéfì pé a wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́fà láti Leeds, bátìrì kò sì kún. Àwọn ọkọ̀ tó bá òfin èéfín Euro 6 mu, irú tèmi, ní alternator tó gbọ́n: bí bátìrì iwájú bá ti yó, á dín agbára rẹ̀ kù kí epo má bàa ṣòfò, kò sì mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn tí ebi ń pa. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni ṣájà DC-DC, tó ń gba ohun tí alternator bá fún un, tó ń gbé e ga sí ìwọ̀n tí bátìrì ẹ̀yìn fẹ́, tí kì í sì í jẹ́ kí bátìrì náà fa kọjá ààlà kí ó má bàa sun alternator. Oníáńpù 30 ni mo rà. Ó ń gbé nǹkan bí wáàtì 400 wọlé níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni kí òun kọ́kọ́ ná owó lé lórí ní orílẹ̀-èdè yìí, n kò ní dárúkọ pánẹ́ẹ̀lì.

Bátìrì ni ó tẹ̀ lé e, òun ló sì wọ́n jù. Mo ra lithium kan, irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, áńpù-wákàtí 200, tó ń kó nǹkan bíi 2,560 pamọ́. Bí a bá lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, ó ń gbé wa ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láìrí oòrùn, láìtan ẹ́ńjìnnì. Mo ronú lórí owó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó ṣí mi lójú ni ìwúwo: kí bátìrì oníásíìdì tó lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà, n óò nílò mẹ́ta tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì wúwo ju lithium kan ṣoṣo yìí, tí mo fi ọwọ́ méjì gbé. Ìwúwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré níbí. Ẹni tó bá gba ìwé ìwakọ̀ lásán láti ọdún 1997 síhìn-ín kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lè ju kílò 3,500 lọ, omi mímu, ìwé, gáàsì àti àpò gaàrí sì wà nínú rẹ̀. Lithium ní àléébù kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: a kì í fi iná sí i nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá tutù dé ibi tí omi ti ń dì, nítorí ó ń bà á jẹ́ ni. Tiwa ní ẹ̀ṣọ́ nínú tó ń kọ iná nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ibùsùn ni mo gbé e sí, níbi tí ooru yàrá ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dípò abẹ́ ọkọ̀ tí mo ti ń rò tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó padà sórí pánẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó rọ̀ yẹn, gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ wọ́n mọ́ irin, afẹ́fẹ́ kò sì lè gba abẹ́ wọn kọjá. Ooru ń dín agbára pánẹ́ẹ̀lì kù, ó sì ń tètè gbó o. Ọ̀kan nínú wọn ti ní àmì pupa rúsúrúsú bí ibi tí áyọ̀ọ̀nù ti jó aṣọ. Mo ra olójú gíláàsì méjì, wáàtì 175 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé wọn lé irin kí àlàfo ìka mélòó kan lè wà lábẹ́ wọn. Kí n tó lu ihò kankan, mo gé páálí sí ìwọ̀n wọn, mo tẹ́ ẹ sórí ọkọ̀, mo sì jókòó sórí àkàbà pẹ̀lú tíì láti wo ibi tí òjìji ihò atẹ́gùn orí ọkọ̀ yóò wọ̀. Òjìji tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lè gba agbára apá ńlá lára pánẹ́ẹ̀lì kan. Aládùúgbò wa bi mí bóyá mò ń tún òrùlé ṣe ni. Nígbà tí mo sún páálí náà sẹ́yìn ní ìbú ọwọ́ méjì, òjìji kò bà á mọ́ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ti kọ̀ntírólà kò gba ìjíròrò púpọ̀: nínú oríṣi méjì tí wọ́n ń pè ní MPPT àti PWM, MPPT ni kí ẹ rà. Pánẹ́ẹ̀lì mi fẹ́ ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí fóólìtì 19, bátìrì sì wà ní 13. PWM yóò fà á wálẹ̀ sí 13, yóò sì sọ ìyókù nù, ṣùgbọ́n MPPT ń yí àlékún náà padà sí áńpù. Kí ẹ kàn rí i pé fóólìtì tó lè gbà ju ti pánẹ́ẹ̀lì yín lọ dáadáa, nítorí òtútù máa ń gbé fóólìtì pánẹ́ẹ̀lì sókè.

Ínfátà ló dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Èyí tí mo rà tẹ́lẹ̀, tí a kò pa rí, ń jẹ nǹkan bí wáàtì 10 lásán láìsí ohunkóhun tí a so mọ́ ọn. 240 lóòjọ́ nìyẹn, ju oòrùn ọjọ́ méjì lọ ní oṣù Kejìlá, fún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Mo fẹ́ yọ ọ́ dànù pátápátá, kí gbogbo nǹkan máa lo fóólìtì 12. Ìyàwó mi ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n sọ ibi tí òun yóò ti máa lọ ata. Mo ṣírò rẹ̀: ẹ̀rọ ìlọta wáàtì 400 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ 20 péré, ó kéré ju ti fóònù méjì lọ. Ẹjọ́ tirẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ tó bá fẹ́ gbéra lè bèèrè ju wáàtì tí a kọ sí i lára lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà a ra oníwáàtì 1,000 tó ń mú iná tó dán mọ́rán jáde bíi ti ilé, mo sì fi bọ́tìnnì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí a lè máa pa á. Kẹ́tùlù ló pàdánù ẹjọ́. Wáàtì 2,000 lórí fóólìtì 12 ju áńpù 160 lọ, wáyà tó lè gbé e láìgbóná sì nípọn bí ìka ọwọ́. Gáàsì ni a fi ń se omi.

Nítorí wáyà, ẹ jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan péré. Lórí fóólìtì 12, áńpù máa ń pọ̀, wáyà tín-ínrín á sì gbóná lẹ́yìn pákó níbi tí ojú kò tó o. Kí ẹ fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an, kí ó sún mọ́ ọn bí ó bá ti lè ṣe é ṣe, kí ẹ sì so bátìrì mọ́ kọ̀ntírólà kí ẹ tó so pánẹ́ẹ̀lì.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, a padà sí Aviemore. Ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gun àkàbà, mo fi ìgbálẹ̀ gbá yìnyín kúrò lójú pánẹ́ẹ̀lì, mo sì wọlé wá wo ojú ẹ̀rọ: áńpù méjì. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oúnjẹ, a wa ọkọ̀ lọ sí Inverness láti ra ẹja, ogójì ìṣẹ́jú ní àlọ, ogójì ní àbọ̀, àlọ nìkan sì kó nǹkan bíi 270 wọlé, ìyẹn oòrùn ọjọ́ mẹ́ta. Ní òru, mo jí ní nǹkan bí aago mẹ́ta bí ìṣe mi, mo sì gbọ́ tí ẹ̀rọ amúgbóná ń mí jẹ́jẹ́. Mo rò pé ìyàwó mi ti sùn. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, èló ló kù níbẹ̀?” Mo ní ó ku ìdá mẹ́tàlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Ṣé ẹ ò wá ní jẹ́ ká ra kẹ́tùlù náà?”